Kí Ló Ń Wá Lẹ́nu Pọ́ǹpù?

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ìbéèrè kan kò jẹ́ kí n sinmi. Mo lè máa kọ nǹkan sójú pátákó ní kíláàsì, á yọjú. Mo lè máa ṣa ẹ̀wà, á yọjú. Bọ̀ọ̀dá mi ló bi mí lórí WhatsApp láàárọ̀ ọjọ́ tí Dàda kú: “Kí ló ń wá lẹ́nu pọ́ǹpù?”

Kò retí èsì. Èmi àti ẹ̀yin la jọ ń sọ èdè yìí, a mọ bó ṣe rí. Bí Yorùbá bá ti ní “kí ló ń wá níbẹ̀?”, ẹjọ́ ti parí nìyẹn, ẹni tí nǹkan ṣe ló jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n olùkọ́ báyọ́lọ́jì ni mí. Ogún ọdún ni mo ti fi ń sọ fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ pé kò sí ẹranko tó ń rìn láìnídìí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé ìbéèrè yẹn mì bí ẹni gbé oògùn mì?

Dàda àti Àbúrò

Dàda kì í ṣe ènìyàn o. Ẹranko òkun ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní anẹ́mónì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á ní òdòdó ni. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ní, pẹlẹbẹ, òun ló fi ń lẹ̀ mọ́ òkúta. Ẹnu rẹ̀ wà láàárín orí gan-an, irun rẹ̀ sì yí ẹnu náà ká, tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú omi. Irun yẹn kì í ṣe irun lásán, oró wà nínú rẹ̀ tó fi ń ta ohun tó bá fẹ́ jẹ. Èyí tó wà lọ́dọ̀ wa, orí irun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan wú róbótó bí ìlẹ̀kẹ̀. Entacmaea quadricolor ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ọjọ́ tí ọmọ mi obìnrin kọ́kọ́ rí i, ó pariwo pé, “Màámi, ẹ wo Dàda nínú omi!” Orúkọ dé nìyẹn.

Orúkọ yẹn ló bí èkejì. Ẹja kékeré kan wà nínú táǹkì náà, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ọsàn tó pọ́n, ó ní ìlà funfun lára. Clownfish ni wọ́n ń pè é. Omi yíyọ̀ kan bo ara rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí oró Dàda ràn án, nítorí náà inú irun yẹn ló ń sùn. Ẹja mìíràn tó bá fẹ́ wá já irun náà jẹ, òun ló máa dojú kọ ọ́, bó ti wù kí onítọ̀hún tóbi tó. Ẹ kúkú mọ òwe náà: Dàda kò lè jà, ṣùgbọ́n ó ní àbúrò tó gbójú. Bí ẹja ṣe di Àbúrò nílé wa nìyẹn. (Ká sọ òótọ́, Dàda lè jà dáadáa. Ẹ bi edé tó bá ṣèèṣì fara kàn án.)

Bí omi òkun ṣe dé Òṣogbo kò gùn láti sọ. Bọ̀ọ̀dá mi ló ni táǹkì náà nígbà tó ń gbé ní Èkó. Nígbà tí ọ̀nà Kánádà là fún un, ó ní òun kò lè ta á, ló bá gbé e wá fún mi ní Ògo-Olúwa: táǹkì gíláàsì tó ń gba omi lítà 250, òkúta rẹ̀, iná rẹ̀, pọ́ǹpù méjì, àti ike iyọ̀ òkun mẹ́ta. Iyọ̀ ọbẹ̀ kò ṣe é lò. Iyọ̀ òkun ni èèyàn ń pò, nǹkan bíi gíráàmù 35 sínú lítà omi kan. Màámi, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe aláró ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, wá wo ẹrù tuntun náà. Àwọn ará ilé ń sọ pé kí ni ẹja òkun ń ṣe láàárín ilẹ̀. Màámi ní, “Ìlú tí ọba ibẹ̀ ń jẹ́ A-tẹ́-ọwọ́-gba-ẹja, ẹja wo ni kò lè dé ibẹ̀?”

Òru tí iná dé

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ikú Dàda ni iná ọba ti di ohun à ń dúró dè. Wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, nígbà mìíràn méjì. Bátìrì inverter wa ti gbó, kò lè gbé ju fáànù kan àti gílóòbù méjì lọ. Mo wá ra ẹ̀rọ kékeré kan tó ń lo bátìrì, tó máa ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi kí ẹja má bàa kú. Mo rò pé mo ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ. Ẹja ń mí. Kí ló tún kù?

Ọjọ́ méjì ṣáájú, Dàda kúrò lórí òkúta rẹ̀. Láti ọdún tó ti wà lọ́dọ̀ wa, kò kúrò níbẹ̀ rí. Ìrìn rẹ̀ lọ́ra ju ti ìgbín lọ. Ẹ máa wò ó títí, ẹ ò ní rí i kó rìn, àmọ́ bí ẹ bá lọ ro ọ̀kà tí ẹ padà dé, ẹ ó rí i pé kò sí níbi tí ẹ fi í sí. Ó gun gíláàsì ẹ̀yìn, ó ń lọ sókè. Mo yà á ní fídíò. Mo fi ránṣẹ́ sí Bọ̀ọ̀dá mi, mo fi àwòrán ẹni tó ń rẹ́rìn-ín tẹ̀ lé e. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé, “Dàda ń rìnrìn àjò.” Fídíò yẹn ṣì wà lórí fóònù mi. N kò lè pa á rẹ́, n kò sì lè wò ó.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, iná lọ ní agogo mẹ́jọ. Kí n tó sùn mo fi tọ́ọ̀ṣì yẹ táǹkì wò. Dàda ti dé igun òkè lápá ọ̀tún, ibi tí pọ́ǹpù tó ń da omi rú bí ìgbì wà. Ó ti gbé ẹsẹ̀ lé orí ike tó bo ẹnu rẹ̀, irun rẹ̀ díẹ̀ sì ti ki bọ àárín àwọn ike náà. Mo dúró wò ó. Mo rò ó. Ohun tí mo rò ni pé kò síná. Pọ́ǹpù tó dákẹ́, ta ló fẹ́ pa? Bí ilẹ̀ bá mọ́ mo máa rọra yọ ọ́. Mo lọ sùn.

Ní nǹkan bí agogo mẹ́ta òru, àdúgbò hó yèè. Ẹ mọ ariwo yẹn. Àwọn ọmọ mi fò sókè lórí ibùsùn, àwọn náà ń pariwo, “Iná ti dé o!” Èmi náà kò gbẹ́yìn. Mo ti ń sáré kiri: àyọ́nù nìyí, fóònù nìyí, ẹ tan ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga kí wọ́n tó tún mú un lọ. Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ní, “Kí ló ń dún gìrìgìrì bẹ́ẹ̀?” Mo ní fìríìjì ni.

Fìríìjì kọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi táǹkì ti funfun bí omidùn. Awẹ́ awẹ́ irun Dàda ń léfòó káàkiri. Àbúrò wà nílẹ̀ lórí iyanrìn, ó ń mí gùlegùle. Edé méjì tó ń bá wọn gbé nínú táǹkì ti kú. Mo fa wáyà pọ́ǹpù yọ, mo ki ọwọ́ bọ omi, mo ṣí ike ẹnu rẹ̀, ohun tí mo bá nínú rẹ̀ n kò ní ṣàpèjúwe fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ jẹun òwúrọ̀.

Ohun tí ẹni tí kò sin ẹranko yìí rí kò mọ̀ ni pé ikú rẹ̀ kì í mọ sọ́dọ̀ rẹ̀ nìkan. Ẹran ara tó wó dànù máa ń jẹrà kíákíá, oró inú irun rẹ̀ á tú sínú omi, amóníà á gùn, gbogbo ohun tó wà nínú táǹkì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú tẹ̀ léra. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru; ti inú táǹkì le ju tilé lọ, nítorí kò sẹ́ni tó lè kó jáde. Ọpẹ́lọpẹ́ òfin Bọ̀ọ̀dá mi pé omi iyọ̀ tí a ti pò sílẹ̀ kò gbọdọ̀ tán nínú dúrọ́ọ̀mù. Mo kó gbogbo awẹ́ tí mo rí, mo da omi tó tó lítà 80 nù, mo dá tuntun padà, mo fi èédú tí wọ́n fi ń sẹ́ omi sínú àpò kan, mo gbé e sójú ọ̀nà omi. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. N kò lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo ní ara mi kò yá, n kò sì purọ́.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi “ẹranko lásán ni” tu ara mi nínú. Ibi tí mo ti ń wá ọ̀rọ̀ ìtùnú kiri ni mo ti bá ìtàn anẹ́mónì kan pàdé ní Skọ́tílándì, irú mìíràn ni, èyí tí Sir John Dalyell mú létí òkun ní 1828. Inú ìgò ni wọ́n fi í sí, wọ́n ń pààrọ̀ omi rẹ̀. Dalyell kú ní 1851, anẹ́mónì rẹ̀ ṣì wà. Àwọn mìíràn gbà á tọ́jú, ó ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó di 1887 kó tó kú. Wọ́n ń pè é ní Granny, èyíinì ni Ìyá Àgbà. Kò sí pọ́ǹpù nínú ìgò rẹ̀. Ìtùnú mi fò lọ nìyẹn.

Ajere

Iṣẹ́ àtúnṣe ni mo kọ́kọ́ dojú kọ, nítorí ọwọ́ tó bá ń ṣiṣẹ́ kì í ráyè sunkún. Àwọn tó ti ń ṣe é tipẹ́ máa ń fi fóòmù bo ẹnu pọ́ǹpù, irú fóòmù tí ihò inú rẹ̀ tóbi díẹ̀, tí omi lè gbà kọjá láìjìjàdù. Wọ́n á gé e yípo, wọ́n á là á láàárín, wọ́n á fi wọ pọ́ǹpù bí ìgbà téèyàn ń wọ ìbọ̀sẹ̀. Kò gbọdọ̀ ku ibì kankan sílẹ̀, nítorí anẹ́mónì lè fún ara rẹ̀ gba ibi tó há tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ máa rò pé idán ló pa. Nẹ́ẹ̀tì oníke náà wà, ó dára fún ẹja àti ìgbín, ṣùgbọ́n irun anẹ́mónì lè gba ojú rẹ̀ wọlé. Aládùúgbò mi tó ń ṣe iṣẹ́ iná fún mi ní wáyà bàbà pé kí n fi dì í. Mo dúpẹ́, mo sì fi pamọ́. Bàbà nínú omi òkun, ikú ni fún anẹ́mónì àti edé. Okùn ike ni mo lò.

Màámi jókòó tì mí lọ́jọ́ tí mo ń gé fóòmù náà. Mo ń ṣàlàyé fún un bí mo ṣe ń ṣàlàyé ní kíláàsì: pọ́ǹpù náà kò ní fa omi kéré sí ti tẹ́lẹ̀, ojú ibi tí omi ń gbà wọlé ló fẹ̀ sí i. Bí ojú ẹnu rẹ̀ bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 5, tí ojú fóòmù wá jẹ́ 200, eré tí omi fi ń wọlé níbì kan á di ìdá kan nínú 40. Anẹ́mónì lè wá jókòó lé e lórí kó má mọ̀ pé ohunkóhun ń fa òun.

Màámi ní, “Ajere lò ń ṣe.”

Ẹni tí kò bá dé agbo ilé aláró rí lè má mọ ohun tó ń wí. Ìkòkò tí a lu ìdí rẹ̀ ní ihò púpọ̀ ni, òun ni wọ́n ń gbé lé orí ìkòkò mìíràn láti fi sẹ́ omi eérú tí wọ́n fi ń ṣe aró. Omi á máa kán wọ̀ọ̀, eérú á jókòó jẹ́ẹ́ lókè. Ó ní, “Ẹnu kan ló ń gbé nǹkan mì. Ajere tó ní igba ihò, kí ló gbé mì rí?”

N kò ní ọ̀rọ̀ tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì ti lò ó fún SS 2 nígbà tí a dé orí bí iwe adìẹ àti ìfun ṣe ń ṣiṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bá a mu dáadáa.

Fóòmù náà ní wàhálà tirẹ̀ o. Ìdọ̀tí máa ń di ojú rẹ̀. Bí ẹ kò bá fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ mẹ́rin sí márùn-ún síra, omi á dín kù, pọ́ǹpù á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ìdọ̀tí tó wà níbẹ̀ á sì máa jẹrà sínú omi tí ẹ ní ẹ ń dáàbò bò. Inú omi táǹkì tí ẹ fẹ́ dà nù ni kí ẹ ti fọ̀ ọ́, kí àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tó ń tún omi ṣe má bàa kú. Kí ọṣẹ má sún mọ́ ọn. Èmi ní méjì báyìí, bí ọ̀kan bá wọ omi, èkejì á wà lórí okùn ìsáṣọ láàárín aṣọ àwọn ọmọ.

Ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán

Nígbà tí fóòmù ti wọ pọ́ǹpù tán, ó yẹ kí ọkàn mi balẹ̀. Kò balẹ̀. Mo ti dí ẹnu pọ́ǹpù, n kò tíì dáhùn ìbéèrè. Ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Ẹranko tó ti fi òkúta kan ṣe ilé láti ọjọ́ yìí, kí ló gbé e dìde?

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni mo tó rí i, kì í sì í ṣe ìwé ni mo ti rí i. Òwúrọ̀ Sátidé kan ni, kò síná, mo jókòó lórí àga kan mò ń mu tíì, mo ń wo táǹkì tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní ohun tí à ń wò mọ́. Oòrùn yọ. Ó gba ojú fèrèsé wọlé, ó sì bọ́ sórí igun òkè táǹkì lápá ọ̀tún, ibi tó tó àtẹ́lẹwọ́ méjì péré. Gbogbo ìyókù ṣókùnkùn. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ yẹn bọ́ sí, ibi tí pọ́ǹpù wà gan-an ni.

Mo gbé tíì sílẹ̀.

Kì í ṣe ohun tó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nìkan ni anẹ́mónì ń jẹ. Àwọn ewé omi tín-tìn-tín kan ń gbé nínú ẹran ara rẹ̀, wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ bí ewé igi ṣe ń ṣe, wọ́n sì ń bu nínú rẹ̀ fún onílé. Bí ìmọ́lẹ̀ bá tán, ebi dé. Iná táǹkì tó yẹ kó máa tàn fún wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, wákàtí méjì mẹ́ta ló ń tàn. Mo ti ra atẹ́gùn fún ẹja. N kò rántí oúnjẹ Dàda. Àìsíná tó lé e dìde lórí òkúta náà ló mú pọ́ǹpù dákẹ́ dè é. Nígbà tí iná wá dé, tí gbogbo wa ń yọ̀, orí ohun tó ń wá ló ti kú.

Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Bọ̀ọ̀dá mi: “Ìmọ́lẹ̀ ló ń wá.” Ó pẹ́ kó tó fèsì. Ó ní, “Àbúrò mi, mi ò bi ọ́ láti dá ọ lẹ́bi o.” Mo ní mo mọ̀. Kò sẹ́ni tó ń fi ìbéèrè yẹn bèèrè nǹkan kan, ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kadà gbá ọmọ kan nínú kíláàsì mi ní títì Gbọ̀ngán. Agogo mẹ́wàá alẹ́ ti lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Ní yàrá àwọn olùkọ́ lọ́jọ́ kejì, ẹnì kan ní, “Kí ló ń wá lójú títì lálẹ́?” Gbogbo wa mi orí. Èmi náà mi orí, mo tilẹ̀ fi “àwọn ọmọ ìsinsìnyí” kún un. Ó lé lóṣù kan kí ìyá ọmọ náà tó sọ fún mi pé ilé epo kan ló máa ń lọ, níbi tí jẹnẹrétọ̀ kì í kú títí di òru. Abẹ́ gílóòbù ibẹ̀ ló ń jókòó sí kàwé. Ìdánwò ń bọ̀.

Kí la ṣe? A kìlọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìpéjọ àárọ̀ pé kí wọ́n má rìn lálẹ́ mọ́. Ìkìlọ̀ náà dára, n kò kà á sí ohun burúkú. Fóòmù ni. Yorùbá náà ló ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìgbà tí mo ti gbọ́ òwe yẹn, ìbáwí ni a máa ń fi dé ọ̀dọ̀ adìẹ. N kò tíì rí ẹni tó padà lọ wo inú àgò bóyá àgbàdo ti tán níbẹ̀. Ọmọ tí a kìlọ̀ fún pé kó má lọ sílé epo ṣì ní ìwé tó fẹ́ kà, ilé rẹ̀ ṣì ṣókùnkùn.

Ọmọ náà ti ń rìn dáadáa. Mo ti lọ kí wọn nílé. Mi ò mú ju búrẹ́dì àti gílóòbù kan tó ń lo oòrùn dání, ojú sì ń tì mí bí mo ṣe ń gbé e kalẹ̀.

Kẹ́hìndé

Ọ̀rẹ́ Bọ̀ọ̀dá mi kan ní Èkó ní irú Dàda. Anẹ́mónì náà ya ara rẹ̀ sí méjì fúnra rẹ̀, wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rẹ́ náà sì fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi nínú ọ̀rá alápò méjì. Àwọn ọmọ ní kí ni wọ́n tún ń wá orúkọ sí, ìbejì ni. Táíwò wà ní Èkó, Kẹ́hìndé wà lọ́dọ̀ wa. Àbúrò yẹra fún un lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ kẹta mo bá a nínú irun rẹ̀.

Orí òkúta tó ga jù ni mo gbé Kẹ́hìndé sí, nísàlẹ̀ iná tààrà. Bátìrì tuntun tí a rà, iná táǹkì ló kọ́kọ́ gbà á, pọ́ǹpù ló tẹ̀ lé e, fáànù wa ló gbẹ̀yìn. Ọkọ mi ní òun kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun máa làágùn nítorí kí ẹja lè ríran. Mo ní kí ó má bínú. Bátìrì kì í sì í gbé gbogbo rẹ̀ dé òwúrọ̀. Nítorí náà pọ́ǹpù ní ojú ìtaná tirẹ̀. Bí iná bá ti lọ tí bátìrì sì rẹ̀ ẹ́, a ó pa á, kó má baà dìde fúnra rẹ̀ lóru.

Àbíkẹ́yìn mi ló fi ara rẹ̀ joyè ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Bí àdúgbò bá ti hó lóru, kò ní hó. Á mú tọ́ọ̀ṣì, á lọ tàn án sẹ́yìn pọ́ǹpù, á wo abẹ́ fóòmù, á wo òkúta. Ìgbà tó bá rí Kẹ́hìndé níbi tó yẹ kó wà ni yóò tó tan pọ́ǹpù. Lẹ́yìn náà ló máa wá pariwo tirẹ̀, òun nìkan, nígbà tí gbogbo àdúgbò ti dákẹ́, tí wọ́n tilẹ̀ ti ń padà sùn: “Iná ti dé o!”

Ní àná, ìyá tó ń gbé lẹ́yìn ọgbà wa dá mi dúró lẹ́nu géètì. Ó ní, “Àǹtí tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé iná tiyín máa ń pẹ́ kó tó dé ni?”